Asọ̀rọ̀mágbèsì Kò Lè Dá Kọ́ Ọmọ Lédè

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ síbí láì tíì fojú kan oorun, ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n fún yín. A kò ní dá yín dúró ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó yín ni, ọ̀rọ̀ ọmọ yín sì ni.

Ẹ rántí pé níbi ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa dá a lábàá pé kí a mú lára owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ka wa, kí a fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí à ń fi ìka tẹ̀ lójú, fún àwọn ọmọ wa tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà yóò kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá ní kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. A ti lọ wádìí rẹ̀, ohun tí a sì rí ni a wá sọ.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà wá bá wa. Ó wọ kóòtù, ó so táì mọ́rùn, oòrùn ọjọ́ náà kò sì ṣeé máa wọ kóòtù. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta péré, ọmọ tí kò gbọ́ ‘come’ yóò máa fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ òyìnbó. A bi í léèrè pé bí ẹ̀rọ yìí bá bi ọmọ ní ìbéèrè, ṣé ó máa ń dúró gbọ́ ohun tí ọmọ yóò sọ? Ó ní ohùn ẹ̀rọ náà já gaara, ó sì ròkè. A ní kì í ṣe ohun tí a bi í nìyẹn. A tún bi í pé ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò bá yé, ṣé ẹ̀rọ lè fi Yorùbá là á yé e? Ó ní ìyẹn ṣì ń bọ̀ lọ́nà. A fún un lómi mu, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn bàbá wa tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò ṣàwàdà. Wọ́n wo àpótí náà dáadáa. Wọ́n rí i pé ó gbọ́n, ó mọ ìròyìn Èkó, ó mọ ti Lọ́ńdọ̀nù, ó lè kọrin, ó lè wàásù. Ṣùgbọ́n bí o bá kí i, kò ní jẹ́ ọ. Bí o bá bi í ní ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò máa bá lọ. Ohun tó kù fún un nìyẹn, òun náà sì ni èdè kíkọ́ ń fẹ́ jù.

Ta ni nínú ẹ̀yin dírẹ́bà tó wà níjókòó yìí ló fi wíwò kọ́ mọ́tò? Bí ènìyàn bá jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ láti gáréèjì Ìbàdàn títí dé Ìbàdàn, kó tún bá a padà wálé, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, títí ọ̀gá yóò fi sọ̀ kalẹ̀ kó ní ‘gba ọwọ́ ọkọ̀ yìí,’ kò tíì mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ ta gìrì, tí ọ̀gá sì bú u, ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Bákan náà ni èdè rí. Ọmọ ní láti sọ ọ́, kó ṣì í sọ, kí ẹni tó gbọ́ sì dá a lóhùn. Kí àwọn baba ńlá wa tó mọ ilé-ìwé rárá ni wọ́n ti mọ èyí. Bí ìyá àgbà bá ní ‘Àlọ́ o!’ lálẹ́, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kejì títí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn pé ‘Àlọ̀!’ Bí wọ́n bá dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, yóò tún un pè.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ sí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, wọ́n sì pín ìwé bí a ṣe ń lò ó fún àwọn òṣìṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Bàbá yìí kò kàwé ju ìwé kẹta lọ. Ó mú ìwé náà lọ sílé, ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní kíláàsì karùn-ún, ó ní, ‘Ìyá mi, wá bá mi ka èyí.’ Ọmọ kà á gaara, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú bàbá dùn, ó ní owó ilé-ìwé òun kò ṣòfò. Ó wá ní, ‘Ó dáa, kí ni wọ́n ní kí n ṣe?’

Ọmọ náà dákẹ́. Ó tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, ‘Bàbá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn.’

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yẹn gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá náà. A kò lè sọ pé nítorí ìwé yẹn ni. Ẹ̀rọ náà kò ní ìbòrí tó yẹ kó ní lẹ́nu, ẹgbẹ́ sì ń bá àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní ìlà kẹrin ìwé náà tó ní kí ènìyàn pa iná kó tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Àwa fúnra wa ti rí ìwé náà. Ọmọ yẹn ka ìlà kẹrin.

Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ọmọ náà. Bí wọ́n ti kọ́ ọ ló ṣe é. Wọ́n ti sọ ọmọ ènìyàn di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa náà ló rántí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà, tí wọ́n tilẹ̀ ń fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láti lanu, báwo ni yóò ṣe bi tíṣà pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí? Yóò kà á sórí ni. Bí a bá wá ra ẹ̀rọ olówó ńlá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ náà ń da Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí bí òjò, kí ni a ṣe ju pé a fi asọ̀rọ̀mágbèsì kan kọ́ èkejì lọ?

Ohun tí ẹ̀ka wa fẹ́ ṣe yìí, orílẹ̀-èdè odindi ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní Ivory Coast, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò, ìjọba Houphouët-Boigny gbé tẹlifíṣàn wọ inú kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ní 1971. Ìlú Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà. Níbi tí kò sí iná, bátìrì ni wọ́n fi ń mú un ṣiṣẹ́. Faransé ni ẹ̀rọ náà ń sọ, bẹ́ẹ̀ èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé, Baulé ni, tàbí Júlà, tàbí òmíràn. Ètò ńlá ni, àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè sì dá owó sí i. Ní 1982, wọ́n pa á tì. Owó tó ń jẹ pọ̀ ju agbára lọ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí kò sì fọkàn sí i, nítorí ó ti dà bí ẹni pé tẹlifíṣàn ni tíṣà, tíṣà sì di ẹni tó ń tan tẹlifíṣàn. Ọdún mọ́kànlá! Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn wa kí a tó na kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ pé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kórìíra ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni à ń jẹ. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ̀rọ ni Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, kí àwọn ènìyàn lè rí ohun kà ní èdè wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955 náà ló dá tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 1959, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa ní 2020, orí tẹlifíṣàn OGTV ni Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ẹ̀kọ́ lọ. Ó sàn ju kí ọmọ máa rìn kiri lọ, àmọ́ ẹ̀yin náà rántí bó ti rí: ọmọ jókòó níwájú tẹlifíṣàn, tíṣà ń bi í ní ìbéèrè, kí ọmọ tó ronú tán, tíṣà ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Nílé àwọn kan, iná ti lọ kí tíṣà tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan rí ọgbọ́n dá sí i. Ní Kẹ́ńyà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n fi rédíò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta ní Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìlàjì wákàtí lójúmọ́. Rédíò lásán ni o, kò ní àwòrán. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n mú kí rédíò máa dákẹ́. Ohùn inú rédíò á bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, á sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Gbogbo kíláàsì á dáhùn sókè. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà á wá sọ ìdáhùn tó tọ́, kí ẹni tó ṣì í lè tún un ṣe. Nígbà mìíràn á ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n kọrin. Tíṣà kò lọ sùn, òun ló ń wo ẹni tó dáhùn àti ẹni tó kàn ń mi ètè. Láti Nicaragua ni wọ́n ti mú ọgbọ́n náà wá, níbi tí wọ́n ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ Kẹ́ńyà yẹn wò, wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní rédíò náà lọ.

Rédíò kan náà tí àwọn bàbá wa sọ pé kì í gbèsì nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ ní sùúrù.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ Yorùbá níbí, kò sì yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan gbàgbé rẹ̀. Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Ilé-iṣẹ́ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní kíláàsì kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń kọ́ wọn. Kíláàsì kejì ń ṣe bí gbogbo ayé ti ń ṣe: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á fò sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn tó ń ṣàríwísí ní àwọn ọmọ Fáfúnwá yóò di òpè, wọn kò ní lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n tilẹ̀ sàn ju àwọn tó fò sínú rẹ̀ lọ, wọ́n sì tayọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ìwé tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ náà jáde ní 1989. Bí ẹ bá rò ó wò, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọ tó ti mọ ohun tí omi ń ṣe kó tó di yìnyín, orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù fún un láti kọ́. Ọmọ tí kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹrù méjì ló wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin alábàárù, ẹ mọ bí ìyẹn ti rí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan wa lónìí ni pé ìjọba kò dúró sójú kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè àyíká ọmọ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní oṣù November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìyẹn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè wọ bàtà rẹ̀ bó ti tọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ́ ìṣirò. Àwa kò gbà pé ohun tó dára nìyẹn, a ó sì bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, àwọn ọmọ wa ń dàgbà, gbọ̀ngàn wa sì wà níbí ní gbogbo Sátidé. Ohun tí ilé-ìwé kò bá là yé wọn ní Yorùbá, àwa lè là á yé wọn.

A ti ń dán an wò ní ìdákẹ́jẹ́ láti bí oṣù mélòó kan. Fóònù àtijọ́ kan ni a ní, tí ojú rẹ̀ ti là, pẹ̀lú sípíkà kékeré kan. Olùkọ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ gba ohùn sínú rẹ̀. Yorùbá ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà á sọ pé, ‘O wà ní gáréèjì, ọkọ̀ ti kún, èrò kan tún ń bọ̀, kí lo fẹ́ sọ fún un?’ Àwọn ọmọ á fi Yorùbá dáhùn. Ohùn á wá sọ pé ‘The bus is full,’ á dákẹ́, wọ́n á sọ ọ́. Á béèrè pé ‘Is the bus full?’ á tún dákẹ́. Kọ́ńdọ́ọ̀ kan nínú wa ló gba ohùn èrò àti ohùn kọ́ńdọ́ọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ nítorí pé wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kò mọ̀ pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wú wa lórí jù ni ti ọmọkùnrin kan tí kì í lanu. Bí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Olùkọ́ ní kó mú fóònù lọ sí ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kó lọ dá gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sì gbọ́ ọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a lọ wò ó, ó ti gba gbólóhùn kan náà sílẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá, ó ń gbọ́ ọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un sọ. Kò sẹ́ni tó rán an. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dáhùn láàárín àwọn yòókù. Ẹ̀rọ kò bá a wí, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Ibi tí ẹ̀rọ ti wúlò gan-an nìyẹn ní tiwa, ọkùnrin alákóòtù kò sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

A kò ní bò ó mọ́ yín lójú pé ohun gbogbo kò lọ déédéé. Fóònù kan ṣoṣo kò tó fún ogójì ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin tó dàgbà díẹ̀ gbé e lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀, dátà tán. A tún dán ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ wò. Dírẹ́bà kan nínú wa sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn. Bí ọmọ bá sọ ọ̀rọ̀ tó tọ́ ní ohùn Ìjẹ̀bú, tí ẹ̀rọ sì ní kò tọ́, ọmọ náà yóò gba ẹ̀rọ gbọ́. Nítorí náà, tíṣà ni kó máa ṣe ìdájọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ti Èkó àti òkè òkun wá sílé nígbà Òjúde Ọba, tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán pátápátá, Yorùbá ni wọn kò gbọ́. Àwọn náà ń kọ́ èdè. Ti wọn tilẹ̀ le jù, nítorí pé ohùn ni Yorùbá. Ẹni tó bá ṣi ohùn gbé, ọkọ̀ tí à ń wà lè di ọkọ́ tí à ń fi roko, ó lè di ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, ó sì lè di ọkọ ìyàwó. Ìwé tí kò ní àmì kò lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohùn nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́. Láti ìparí 2013 ni ẹ̀rọ ìtumọ̀ ti Google ti ń túmọ̀ Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìwọ̀nyí wúlò. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà ní Ìta-Òṣù, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ro ìkọ́kọrẹ́, ohùn tirẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ kankan. Bí a kò bá gbà á sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ta ni yóò gbà á?

Àwọn kan yóò bi wá nípa Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní 2013. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB sínú rẹ̀, kò sì gba kí ọmọ ra dátà. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti lè kàwé, tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa kò tíì ju kíláàsì kẹta lọ.

Nítorí náà, àbá tí ìgbìmọ̀ yín mú wá nìyí. Kí a má ra tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí a mú díẹ̀ nínú owó náà ra rédíò kékeré mẹ́fà tó lè gba mẹ́mórì kádì, àti páńẹ́ẹ̀lì kan tó ń fi oòrùn gba iná, nítorí pé iná mọ̀nàmọ́ná kì í bá wa ṣe àdéhùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, kí a fi san nǹkan fún olùkọ́ wa, tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ yìí wá láì gba ju owó ọkọ̀ lọ. A mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ràn kí a na owó sórí ènìyàn, wọ́n fẹ́ rí ohun tí a rà, kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ní Sátidé kó wá wo iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe.

Fóònù ni kí ẹ̀yin mú wá. Ẹni tó bá ní èyí tó ti pa tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́, bó bá ṣì lè gba ohùn sílẹ̀, kó mú un fún akọ̀wé. Kí ẹ sì mú ohùn yín wá pẹ̀lú. A nílò mẹkáníìkì tí yóò sọ orúkọ irinṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, a nílò obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aṣọ, a nílò ẹni tó mọ àlọ́ dáadáa.

Ìwé tí wọ́n ń pín fún wa níbi iṣẹ́ ni a ó kọ́kọ́ ṣe. A ó túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí Yorùbá, a ó gbà á sílẹ̀ ní èdè méjèèjì, a ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ àti àwọn òbí pọ̀. Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti gbà láti fi ohùn ara rẹ̀ sọ ìlà kẹrin ní Yorùbá. Ọmọ rẹ̀ ni yóò sọ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni a ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, kó bá wa bẹ àwọn ará ilé kejì pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ wọn fún wákàtí kan, nítorí ariwo rẹ̀ máa ń wọ inú ohùn.